Cooler afẹ́fẹ́ àbí cooler omi: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ to kọ̀ǹpútà orí tábìlì

Ẹni tó bá fẹ́ to kọ̀ǹpútà jọ fúnra rẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ mú prósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) àti káàdì gíráfíìkì (èyí tó ń gbé àwòrán géèmù jáde). Orí àwọn méjèèjì ni owó máa ń tán sí, cooler (ohun tó ń mú prósẹ́sọ̀ tutù) àti kéésì (àpótí tó gba gbogbo rẹ̀) á wá di ohun tí wọ́n fi ṣẹ́ńjì rà. Mo rọ̀ yín, ẹ yí ètò yẹn padà. Ohun méjì ló yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó yọ owó: bí yàrá tí kọ̀ǹpútà náà máa wà ṣe ń gbóná tó, àti iye mìlímítà tó wà nínú kéésì. Ooru àti àyè, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n. Cooler tó bá lágbára sábà máa ń tóbi, èyí tó bá sì tóbi máa wá ìjà RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà), tàbí ti káàdì, tàbí ti ilẹ̀kùn kéésì.

Ẹ ka ooru yàrá mọ́ ọn

Kò sí cooler tó lè mú prósẹ́sọ̀ tutù ju yàrá tó wà lọ, ì báà jẹ́ ti afẹ́fẹ́, ì báà jẹ́ ti omi. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó gba ooru lára prósẹ́sọ̀, kó dà á sínú afẹ́fẹ́ yàrá. Àwọn tó ń dán cooler wò lókè òkun sábà máa ń ṣe é nínú yàrá tó wà ní nǹkan bíi 21°C. Tí wọ́n bá ní prósẹ́sọ̀ dúró sí 70°C níbẹ̀, a jẹ́ pé 49 ló fi gbóná ju yàrá lọ. Ẹ wá gbé e dé Ìbàdàn lóṣù Kẹta, lọ́sàn-án gangan, tó jẹ́ inverter tí kò lè gbé AC lẹ ń lò, tí yàrá ti di 34°C. 34 àti 49 di 83°C. Cooler kan náà, prósẹ́sọ̀ kan náà. Nítorí náà, tí ẹ bá ń ka àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe, ẹ wá ìwọ̀n yàrá wọn, ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ cooler tí wọ́n ń yìn lọ́hùn-ún ni yóò ṣì tó yín, àmọ́ àwọn kan wà tí ẹ ó rí i pé wọn kò ní tó.

Ibi tí ooru ti ń wá

Wáàtì tí prósẹ́sọ̀ bá jẹ, ooru ló ń dà. Core i9-14900K, prósẹ́sọ̀ Intel, lè jẹ 253 wáàtì tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára, ó sì lè dé 100°C kó tó máa dín eré rẹ̀ kù láti dáàbò bo ara rẹ̀. Ryzen 7 7800X3D, prósẹ́sọ̀ AMD, 120 wáàtì ni wọ́n kọ sí i lára, 89°C sì ni òpin tirẹ̀. Tó bá jẹ́ géèmù ni ẹ fẹ́ máa ṣe, èyí kejì kò ní jẹ́ kí ẹ wá ti àkọ́kọ́, nínú ọ̀pọ̀ géèmù ó tiẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ooru tó ń tú sínú yàrá kéré púpọ̀. Ẹni tó ń ṣe fídíò láti àárọ̀ dalẹ́, tí gbogbo core 24 (ẹ̀yà tó ń ṣe iṣẹ́) inú i9 máa wúlò fún, òun nìkan ni mo lè gbà níyànjú pé kó lọ sídìí 253 wáàtì. Fún ọ́fíìsì, ilé ìwé àti géèmù ìwọ̀nba, Ryzen 5 7600 tó jẹ́ 65 wáàtì ń wá pẹ̀lú cooler tirẹ̀ nínú páálí. Cooler kékeré ni, yóò máa pariwo tí ooru bá mú, ṣùgbọ́n yóò ṣe é.

Ẹ̀rù máa ń ba àwọn kan tí wọ́n bá rí 95°C lórí Ryzen 7000. AMD ló ṣe é bẹ́ẹ̀: tí iṣẹ́ bá le, prósẹ́sọ̀ náà á máa sáré títí á fi kan 95, á sì dúró síbẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kó wọ inú BIOS (ètò ìpìlẹ̀ tó wà lára kọ̀ǹpútà, tí ẹ ń ṣí kí Windows tó tan), kó tan Eco Mode, tó ń dín wáàtì kù. Ryzen 9 7950X tí wọ́n kọ 170 wáàtì sí lára lè wá máa ṣiṣẹ́ ní 105 tàbí 65, eré tó sì ń pàdánù kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ooru tó ń dín kù. Èmi gbà pé nínú yàrá tí kò ní AC, kò sí owó tí ẹ lè ná sórí cooler tó dára tó ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn nínú BIOS.

Ẹni tó bá ń wo Core i9 ìran 13 tàbí 14 ní àlòkù, kó ṣọ́ra gidigidi. Lọ́dún 2024, Intel sọ ọ́ síta pé fọ́ltéèjì tó ń ga jù ló ń ba àwọn prósẹ́sọ̀ yìí jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbé microcode 0x129 (àtúnṣe tó ń gba BIOS wọ prósẹ́sọ̀) jáde lóṣù Kẹjọ, wọ́n sì fi ọdún méjì kún garantí. Microcode yẹn ń dènà ìbàjẹ́, kì í tún èyí tó ti bàjẹ́ ṣe, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fojú mọ èyí tí wọ́n ti lò ní ìlòkulò.

Afẹ́fẹ́ lápá kan, omi lápá kejì

| | Thermalright Peerless Assassin 120 SE | Noctua NH-D15 | Arctic Liquid Freezer III 360 |
|---|---|---|---|
| Irú | afẹ́fẹ́ | afẹ́fẹ́ | omi |
| Fáànù | 2, 120 mm | 2, 140 mm | 3, 120 mm |
| Àyè tó ń gbà | gíga 155 mm | gíga 165 mm | rédíétọ̀ 398 × 120 × 38 mm, fáànù 25 mm lé e |
| Ohun tó lè kú | fáànù | fáànù | fáànù, pọ́ǹpù, omi inú rẹ̀ |

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ tẹjú mọ́. Àwọn páìpù bàbà tí ẹ ń rí lára cooler afẹ́fẹ́ ní ihò nínú, omi díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ooru prósẹ́sọ̀ á sọ omi náà di èéfín, èéfín á lọ sáàárín àwọn abala pẹlẹbẹ tí fáànù ń fẹ́ sí, yóò tutù, yóò padà di omi, yóò tún ṣàn padà sídìí prósẹ́sọ̀. Kò sí nǹkan tó ń yí níbẹ̀ àyàfi fáànù. Tí fáànù bá kú, ẹ̀rọ yóò falẹ̀, ẹ ó rí àyè tọ́jú iṣẹ́ yín, fáànù 120 mm kò sì ṣòro rí ní Computer Village ní Ìkẹjà. Ní ti cooler omi, pọ́ǹpù ló ń gba inú họ́ọ̀sì ti omi gbígbóná lọ sí rédíétọ̀, níbi tí fáànù ti ń fẹ́ ẹ tutù. Tí pọ́ǹpù náà bá kú, ooru kò ní ibi tó máa gbà. Kò ní pẹ́ tí ẹ̀rọ á fi pa ara rẹ̀, kò sì ní padà bọ̀ sípò títí ẹ ó fi ra odindi cooler mìíràn. Omi inú rẹ̀ náà ń dín kù láti inú họ́ọ̀sì bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àyè tó ṣófo á sì gba afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í gbé pọ́ǹpù sí ibi tó ga jù lọ: afẹ́fẹ́ máa ń wá òkè lọ, tó bá ti kó sí pọ́ǹpù, ẹ ó máa gbọ́ ariwo bí omi tó ń hó. Rédíétọ̀ tí wọ́n gbé sí òkè kéésì ló dára jù.

Omi ní ibi tó ti borí o. Prósẹ́sọ̀ 253 wáàtì tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mélòó kan láìdúró, rédíétọ̀ 360 máa gbà á mọ́ra ju cooler afẹ́fẹ́ èyíkéyìí lọ. Kì í dí RAM lọ́nà, ẹrù rẹ̀ kì í sì í rọ̀ mọ́ motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń jókòó lé). Ẹni tó ní AC, tó ń ṣe iṣẹ́ fídíò tó ń mówó wá, kó rà á. Fún àwa yòókù, Peerless Assassin ni mo máa kọ́kọ́ mú. Ní Amẹ́ríkà owó rẹ̀ kì í sábà kọjá 40 dọ́là, NH-D15 sì ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ díẹ̀ báyìí ló fi ń ṣáájú rẹ̀.

Mìlímítà tó ń ba ọjà jẹ́

Ẹ jẹ́ ká mú NH-D15 wò dáadáa. Òpó méjì ló ní, fáànù kan wà láàárín wọn, ìkejì wà níwájú, ti iwájú yìí sì yọ bo orí RAM. Àyè tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ 32 mm. Ká ní ẹ ti ra RAM tó ń tan iná aláwọ̀ mèremère, tó ga ní 44 mm. Fáànù iwájú gbọ́dọ̀ gòkè ní 12 mm kó tó lè wọ àyè rẹ̀, cooler tó ga ní 165 wá di 177. Kéésì NZXT H510 gba cooler tó ga dé 165 mm, nítorí náà gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ní dé. Kéésì Lian Li Lancool 216 gba 180.5 mm, yóò dé. Ẹni tó ti ra H510 lè yọ fáànù iwájú dànù, àyè RAM á di 64 mm, àmọ́ ó ti sanwó fáànù méjì ló wá ń lo ẹyọ kan. RAM tí kò ní iná ì bá ti yanjú gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, owó rẹ̀ sì sábà máa ń kéré.

Ọ̀dọ̀ omi náà ní tirẹ̀. Rédíétọ̀ 38 mm àti fáànù 25 mm, 63 mm nìyẹn. Tí ẹ bá gbé e síwájú kéésì tó ní àyè 340 mm fún káàdì, 277 ló kù. Ọ̀pọ̀ káàdì gíráfíìkì RTX 4060 oní-fáànù méjì máa wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n RTX 4090 tí Nvidia fúnra rẹ̀ ṣe, tó gùn ní 304 mm, kò ní wọlé rárá.

Ẹni tó ń ra RTX 4090, kó tún wọn ibi tí wáyà iná máa gbà. Láti ọdún 2022 tí káàdì náà jáde ni ìròyìn ti ń wá nípa ẹnu wáyà 12VHPWR tó ń yọ́. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n rí ni pé wáyà náà kò wọlé tán. Nínú kéésì tó há, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ á tẹ wáyà náà, á sì máa fà á kúrò nídìí. Ẹ fi àyè tó nǹkan bíi 35 mm sílẹ̀ kí wáyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, kí ẹ sì tì í títí tí ẹ kò fi ní rí àlàfo kankan.

Kéésì tó ń mí

H510 tó jáde lọ́dún 2019 lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n irin gbalaja ni iwájú rẹ̀, ojú tínńrín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, fáànù méjèèjì tó sì bá a wá, ìta ni wọ́n ń fẹ́ sí. Ó dà bí yàrá tí wọ́n la fèrèsé sí lẹ́yìn tí wọn kò la síwájú. Lancool 216 ní àwọ̀n níwájú, fáànù ńlá 160 mm méjì ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ẹyọ kan ń lé e jáde lẹ́yìn. Wíwọlé ju jíjáde lọ, ó sì ń ràn yín lọ́wọ́ nígbà ọyẹ́: afẹ́fẹ́ á gba ojú àwọ̀n iwájú tí ẹ lè yọ fọ̀, dípò kó máa fa eruku gba gbogbo ihò ẹ̀yìn. Ẹ yọ àwọ̀n náà lóṣooṣù lásìkò ọyẹ́, ẹ gbọn ọ́n.

Ìjà tí kò kan ooru

AM5, ìyẹn ojú tí prósẹ́sọ̀ Ryzen 7000 ń jókòó sí lórí motherboard, kì í gba RAM mìíràn ju irú tí wọ́n ń pè ní DDR5. LGA1700, ojú ti Intel, ní motherboard DDR4 (RAM ìran tó ṣáájú), ó tún ní ti DDR5, ọ̀kan kò gba tèkejì, nítorí náà ẹ ka orúkọ motherboard náà dópin. Lórí Ryzen 7000, AMD fọwọ́ sí eré 5200 fún RAM méjì, tó bá di mẹ́rin ó já sí 3600. RAM 16 GB méjì sàn ju 8 GB mẹ́rin lọ. Cooler tí wọ́n ṣe fún LGA1200, ojú Intel tó ṣáájú, kò bá ihò LGA1700 mu, ẹ béèrè irin tó máa gbé e. Ọ̀pọ̀ motherboard sì máa ń pa ojú SATA (ibi tí wáyà díìsìkì ń wọ̀) kan tàbí méjì tí ẹ bá ti fi M.2 (díìsìkì pẹlẹbẹ tó ń wọ ara motherboard) sí àyè kan pàtó. Ìwé tó bá motherboard wá máa sọ èyí tó jẹ́.

Tí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ọ́fíìsì lẹ fẹ́ rà

Owó rẹ̀ ń fani mọ́ra, mo sì mọ ọ̀pọ̀ ẹni tó fi í bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò ṣe é fún àfikún. Dell OptiPlex 9020 ń lo ẹnu iná oní-pin mẹ́jọ dípò mẹ́rìnlélógún tí power supply (àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) ọjà ń ní, nítorí náà ẹ kò lè kàn pààrọ̀ power supply rẹ̀. Káàdì tí kò ń béèrè wáyà iná lọ́tọ̀ ni ẹ máa wá, irú RTX 3050 6 GB tó jáde lọ́dún 2024, tó ń jẹ 70 wáàtì. Nínú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, káàdì kúkúrú tó jẹ́ ìdajì gíga nìkan ló máa wọlé. Ike dúdú tó bo fáànù ń darí afẹ́fẹ́ sórí prósẹ́sọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ sọnù nítorí pé káàdì ń fẹ́ àyè. Thermal paste rẹ̀ (ìpara tó wà láàárín prósẹ́sọ̀ àti cooler) á ti gbẹ, ẹ nù ún, ẹ fi tuntun sí i.

Gbígbé e délé

NH-D15 pẹ̀lú fáànù rẹ̀ lé ní kílò kan. Tí ẹ bá ń fi waybill gbé kọ̀ǹpútà láti Èkó lọ sí Ìlọrin, ẹ má jẹ́ kó dúró lóòró nínú ọkọ̀. Ẹ gbé e dùbúlẹ̀ kí cooler dojú kọ òkè, ẹ fi fóòmù ti káàdì gíráfíìkì nínú, tàbí kí ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá. Gàlọ́pù ojú ọ̀nà lè ya ibi tí wọ́n de cooler àti káàdì mọ́ lára motherboard.

Tó bá jẹ́ ọwọ́ ẹni tó ń to kọ̀ǹpútà lẹ ti rà á, ẹ ní kó tan án níwájú yín kí ẹ tó san owó tó kù. Kó ṣí HWiNFO (ètò tó ń fi ìwọ̀n ooru hàn), kó sì jẹ́ kí Cinebench (ètò tó ń fi iṣẹ́ líle dán prósẹ́sọ̀ wò) máa sáré fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú gíláàsì ní títì. Ẹ béèrè bí yàrá náà ṣe gbóná tó, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìwọ̀n tí ẹ bá rí, ẹ fi ti yàrá yín kún un. Tó bá ti kọjá òpin prósẹ́sọ̀ náà, kó ṣí i, kó sì tún cooler rẹ̀ dì níṣojú yín.