Ẹ wo ẹ̀yìn transmitter kí ẹ tó sanwó: RCA, XLR àbí Dante?

Ẹni tó bá fẹ́ ra transmitter tí yóò máa gbé ohùn ìpàdé lọ sétí àwọn olùgbọ́, iwájú rẹ̀ ló sábà máa ń wò: iye ìkànnì, bí ohùn rẹ̀ á ṣe jìnnà tó. Ẹ yí i padà. Ibi tí wáyà ti ń wọlé ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

RCA (ihò róbótó bíi ti ẹ̀yìn DVD) àti ihò kékeré 3.5 mm ló wọ́pọ̀ lára àwọn tówó wọn ò wọ́n. Bí kọ̀ǹpútà bá wà lórí tábìlì kan náà pẹ̀lú transmitter, wọ́n tó. Àmọ́ okùn kan ṣoṣo ló ń gbé ohùn nínú wọn, ìkejì jẹ́ earth, nítorí náà ariwo yòówù tí wáyà bá kó lójú ọ̀nà, ohùn ló máa bá wọlé. Ẹ jẹ́ kí wáyà náà gùn, kó sì gba ẹ̀gbẹ́ wáyà iná kọjá, ẹ ó gbọ́ “hùùù” lábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni XLR, irú ẹnu wáyà tí máìkì ń lò, ní. Ẹsẹ̀ 1 ni earth. Ẹsẹ̀ 2 àti 3 jọ ń gbé ohùn kan náà ni, àmọ́ bí ti 2 bá ń gòkè, ti 3 á máa sọ̀ kalẹ̀. Ọgbọọgba ni ariwo máa ń wọ méjèèjì. Tí transmitter bá yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì, ariwo á pòórá, ohùn á ṣẹ́ kù. Ìdí nìyẹn tí XLR fi lè ti orí pèpéle dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn láìkùn.

Àmọ́ ìrísí rẹ̀ lè tanni jẹ, torí máìkì àti míkísà jọ ń lò ó. Ohùn máìkì kò ju ìdá kékeré nínú volt kan lọ; èyí tó ń ti ìdí míkísà jáde lè tó 1.23 volt. Mo ti ki wáyà míkísà bọ ihò máìkì rí. Ohùn alága ń fọ́ bíi rédíò tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ, mo sì yí fólúùmù sísàlẹ̀ títí, kò gbọ́. Ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn ni mo tó rí bọ́tìnnì kékeré kan lẹ́yìn transmitter: MIC/LINE. MIC ni ti máìkì, LINE ni ti míkísà. Bí transmitter bá ń fún máìkì ní iná 48 volt, ẹ pa ìyẹn náà kí ẹ tó so míkísà mọ́ ọn.

Dante, ọ̀nà gbígbé ohùn bíi dátà kọ̀ǹpútà, ń gba wáyà nẹ́tíwọ̀kì. Wáyà kan á gbé ọ̀pọ̀ ìkànnì, á sì rin 100 mítà. Ó dára fún ilé tó ní yàrá ògbufọ̀ púpọ̀. Fún yàrá kan ṣoṣo, orí fífọ́ lásán ni.

Bluetooth? Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá kúrò lẹ́nu olùsọ̀rọ̀ kó tó dé etí olùgbọ́. Ẹ fò ó.

Èyí témi á rà ni XLR tí ihò rẹ̀ tún gba jack 6.35 mm (ẹnu wáyà bíi ti gìtá), tó ní bọ́tìnnì MIC/LINE àti iná tó ń fi bí ohùn ṣe ga tó hàn. Ẹ so ó mọ́ AUX míkísà (ibi tí ohùn ti ń jáde lọ́tọ̀ sí ti gbọ̀ngàn), kí ẹ sì fi AUX náà sí “pre”, kí ẹni tó ń yí fólúùmù gbọ̀ngàn má baà máa yí ti etí olùgbọ́ mọ́ ọn.