Oṣù méjì tí mo fi jẹ oúnjẹ aláìlẹ́ran tí wọ́n ń gbé wá sílé n'Íbàdàn

Ọjọ́ kọkànlá tí mo ti ń jẹ oúnjẹ wọn ni òòyì kọ́ mi ní ọjà Bódìjà. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ṣa tàtàṣé, bí mo ṣe ní kí n nàró báyìí, ojú mi ṣú, gbogbo ọjà ń yí. Ìyá aláta ló fà mí jókòó sórí àpótí ẹ̀, ó bu omi sí mi lójú, ó bi mí bóyá mo lóyún. Mo ní rárá o, oúnjẹ ni mò ń ṣọ́. Ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé ẹ ń jẹun ṣá?"

Mò ń jẹun. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Abọ́ mẹ́ta lójúmọ́, mo sì ń jẹ ẹ́ tán.

Ọdún kẹfà rèé tí mi ò ti jẹ ẹran àti ẹja mọ́. Láìpẹ́ yìí, dókítà ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ti ń gòkè, kí n dín iyán, ẹ̀bà àti ìrẹsì kù, kí n sì wálẹ̀ láti kílò 74 tí mo wà. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ibí yìí nìyẹn, mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ní àwọn ń se oúnjẹ aláìlẹ́ran tí káàbù (èròjà afúnnilágbára tó pọ̀ nínú iyán, ẹ̀bà àti ìrẹsì) àti kálórì inú ẹ̀ kò pọ̀. ₦140,000 ni mo san fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, Mọ́ńdè sí Sátidé.

Oúnjẹ yẹn dùn o. Kí aago méje àárọ̀ tó lù, ọmọ ọlọ́kadà wọn ti dé ẹnu géètì, àní lọ́jọ́ tí òjò rọ̀ mọ́jú. Òkèlè kábéèjì wọn kì í já, kò sì rùn: wọ́n lọ kábéèjì, wọ́n fún omi ẹ̀ dànù, wọ́n wá fi psyllium díẹ̀ (èèpo irúgbìn kan tó máa ń fà tí omi bá kàn án) rò ó pọ̀ títí tó fi fà dáadáa. Ẹ̀fọ́ ṣọkọ wọn, irú wooro ló wà nínú ẹ̀. Mò ń yó. Ikùn kún, ara ò rí nǹkan jẹ, mi ò sì tètè mọ̀.

Orí àpótí aláta yẹn ni mo ti pè wọ́n. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní, "Mummy, ẹ má bẹ̀rù, ọ̀rá ló ń jáde lára yín. Ẹ ṣáà máa mu omi dáadáa." Mo ní mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú láàárín ọjà. Ó ní, "Ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, mà." Mo bi í pé kí ló wà nínú oúnjẹ tí mo jẹ láàárọ̀. Ó ní kálórì 320. Mo ní mi ò béèrè kálórì. Ó ní òun á bi ọ̀gá òun, òun á pè mí padà. Kò pè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè é lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo kọ ọ́, wọ́n kà á, wọn ò fèsì.

Lálẹ́, mo yá òṣùwọ̀n tí àbúrò mi fi ń wọn fúláwà kéèkì. Mo da abọ́ alẹ́ sórí tíréè, mo ṣa olú inú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi omi ṣan epo ara wọn. Gíráàmù 118. Olú yìí ni wọ́n sọ fún mi pé ó rọ́pò ẹran. Bẹ́ẹ̀, gíráàmù 100 olú kò ní ju bíi gíráàmù 3 amúaradàgbà lọ, ẹyin adìyẹ kan ṣoṣo sì ní bíi 6. Gbogbo òkìtì olú tó wà níwájú mi yẹn kò tó ẹyin kan! Mo ṣírò amúaradàgbà inú abọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ọjọ́ náà, kò pé gíráàmù 25. Gíráàmù 0.8 fún kílò kan ìwọ̀n ara ni wọ́n máa ń fi ṣírò ohun tí àgbàlagbà nílò lójúmọ́. Fún èmi, ìyẹn jẹ́ 59. Ẹni tó bá ń dín kálórì kù tí kò sì rí amúaradàgbà jẹ tó, iṣan ara ẹ̀ ni ara á máa fà jẹ.

Ti iyọ̀ tún wà níbẹ̀. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi iyọ̀ sí oúnjẹ yẹn rárá. Tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dín káàbù kù, ó máa ń tọ omi àti iyọ̀ dànù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí orí fi ń fọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, tí òòyì sì ń kọ́ wọn. (Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó fi kún iyọ̀.) Èmi tí ẹ̀jẹ̀ mi kì í ga ni wọ́n ní kí n ṣáà máa mu omi.

Mo lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. PCV mi, ìyẹn ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 31, dókítà ní ó yẹ kó tó 36, ó kéré tán. Ó tún sọ pé ọjọ́ mọ́kànlá kò lè fa ìyẹn, ó ti ń bọ̀ látẹ̀yìn wá. Fítámì B12 tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ kò sí nínú ewébẹ̀, inú ẹ̀dọ̀ ni ara ń tọ́jú ẹ̀ sí, ó sì lè gba ọdún mélòó kan kó tó tán. Tíì tí mo máa ń mu mọ́ oúnjẹ, kì í jẹ́ kí ara rí èròjà irin inú ẹ̀fọ́ gbà dáadáa. Ó fún mi lóògùn, ó ní kí n jìnnà sí tíì lásìkò oúnjẹ, kí n máa fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ẹ̀fọ́ mi. Mi ò lè di ẹ̀bi ìyẹn ru ilé oúnjẹ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo forúkọ sílẹ̀, wọn ò bi mí bóyá mò ń jẹ ẹyin tàbí wàrà. Mò ń jẹ méjèèjì! Ìwọ̀n ara mi nìkan ni wọ́n béèrè.

Ọmọ ọlọ́kadà yẹn ló tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ó rí i pé abọ́ àná ṣì wà ní bíbò lẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí, mo sọ fún un. Ọ̀sán ọjọ́ náà, fóònù mi dún: "Ẹ káàsán mà. Èmi ni mò ń dáná. Ọmọ yìí ní oúnjẹ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá yín lulẹ̀." Ohùn àgbàlagbà. Ó ní kí n ka gbogbo ohun tí mo ṣírò fún òun, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń dá mi dúró, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìyẹn sọ, kí n kọ ọ́." Nígbà tí mo dé ibi olú, ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fi ẹ̀wà sí i torí káàbù. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i látìgbà yẹn."

Bínú mi ṣe rọ̀ nìyẹn. Èmi àti ìyá yìí jọ jókòó tì í lórí fóònù fún nǹkan bíi wákàtí kan. Ààbọ̀ kọ́ọ̀bù ẹ̀wà sísè ní káàbù bíi gíráàmù 18. 80 ni dókítà fún mi lójúmọ́. Àyè wà, a kàn ní láti mọ ibi tá a máa fi í sí. Láti ọjọ́ kejì ni abọ́ mi ti yí padà: ẹyin méjì pẹ̀lú gbúre láàárọ̀, lọ́sàn-án, òkèlè kábéèjì kan náà, àmọ́ wàrà sóyà tí wọ́n dín gbẹ ló wà nínú ẹ̀fọ́, lálẹ́, mọ́ínmọ́ín kékeré kan tí wọ́n gé ẹyin sí, tàbí wàrà Fúlàní nínú ọbẹ̀ tòmátò. Ẹ̀gúsí, ó ń wọn ọ́n ni, torí kálórì ẹ̀ pọ̀ gan-an. Olú ṣì wà níbẹ̀, ó dùn, mo fẹ́ràn ẹ̀. Amúaradàgbà ọjọ́ kan ti sún mọ́ 60, kálórì ò sì ju 1,200 lọ.

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ báyìí. Kílò 70 ni mo wà, PCV mi ti di 35, òòyì ò kọ́ mi mọ́. Mo padà lọ sọ́dọ̀ ìyá aláta lọ dúpẹ́. Mo ti san owó oṣù kẹta.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aládùúgbò mi tí òun náà kì í jẹ ẹran forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Mo lọ bá a ṣí abọ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Òkèlè kábéèjì, ẹ̀fọ́, olú. Wọ́n lẹ bébà mọ́ ìdérí ẹ̀: kálórì 380. Kò sí nǹkan mìíràn lára bébà náà. Mo fún un ní nọ́ńbà ìyá tó ń dáná.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5.