Ilé Àgbẹ̀ Àtijọ́ Tó Wà fún Títà: Onígi ti Suffolk àbí Olókùúta ti Yorkshire Dales?

Ní England, ilé àgbẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n bá gbé wá sọ́jà kì í sábà ní oko mọ́. Onílẹ̀ ti ta pápá fún aládùúgbò tó ní katakata ńlá, ó wá ku ilé, àgbàlá, abà kan tàbí méjì, àti éékà ilẹ̀ díẹ̀. Éjẹ́ńtì á ya fọ́tò iná tó ń jó nínú símínì, á ya igi àjà tó dúdú minimini, kò ní ya fọ́tò sókàwéè. Irú méjì ni mo fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní London tàbí Manchester tí ọkàn yín ti ń fà sí ìgbèríko: ilé onígi ti Suffolk, ní ìlà-oòrùn England, àti ilé olókùúta ti Yorkshire Dales, àwọn àfonífojì tó wà ní àríwá. Ọjọ́ orí wọn lè dọ́gba, iye tí wọ́n dá lé wọn lè dọ́gba, síbẹ̀ ohun tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba kọ́kọ́rọ́ kò jọra rárá.

Ohun tí wọ́n fi kọ́ wọn

Òwò aṣọ irun àgùntàn ló sọ Suffolk di ọlọ́rọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1400 sí 1550. Ẹni tó bá ti rìn káàkiri ìlú Lavenham ti fojú ara rẹ̀ rí ohun tí owó náà kọ́. Àwọn àgbẹ̀ ìgbèríko náà kọ́ tiwọn: igi óàkù ni wọ́n fi ṣe òpó àti ìtí, èèkàn igi ni wọ́n fi kàn wọ́n mọ́ra, kì í ṣe ìṣó. Wọ́n hun ẹ̀ka wẹ́wẹ́ sí àárín àwọn òpó, wọ́n fi amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ koríko gbígbẹ dí i, wọ́n wá fi ẹfun sísun àti iyanrìn rẹ́ ẹ. Amọ̀ sísun ni wọ́n fi bo òrùlé àwọn kan, koríko ni wọ́n fi bo ti àwọn mìíràn. Pupa rẹ́súrẹ́sú ni wọ́n ń kun ọ̀pọ̀ wọn títí dòní.

Ní Dales, òkúta ni ohun gbogbo. Ògiri ìta jẹ́ ìpele òkúta méjì, òkúta wẹ́wẹ́ kún àárín wọn, òkúta gígùn sì gba inú ìpele méjèèjì já kí wọ́n má baà yà kúrò lára ara wọn. Òkúta pẹlẹbẹ ni òrùlé, ó wúwo gan-an, nítorí náà bí igi abẹ́ rẹ̀ bá ti rẹ̀, ẹ ó rí i láti ìta pé òrùlé ti tẹ̀ ní àárín. Lókè ẹnu ọ̀nà ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n gbẹ́ lẹ́tà orúkọ tọkọtaya tó kọ́ ọ àti ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, ti 1600 sí 1700 ló wọ́pọ̀. Àwọn kan tún ní abà tó so mọ́ ilé lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo, níbi tí màlúù ń sùn sí nígbà òtútù. Abà yẹn ni àwọn olùrà ń sáré tọ̀ lọ, torí wọ́n ti ń fojú inú rí yàrá mẹ́ta níbẹ̀. Ẹ má tíì kà á mọ́ yàrá o. Ìyọ̀ǹda ni ẹ máa kọ́kọ́ gbà, ọwọ́ àjọ tó ń ṣàkóso Yorkshire Dales National Park ló sì wà, kì í ṣe ọwọ́ káńsù.

Omi àti sìmẹ́ǹtì

Ibí ni ìfiwéra yìí ti ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ẹni tó bá ti rí ilé alámọ̀ nílé tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára mọ ohun tí mo fẹ́ sọ: tó bá ṣe díẹ̀, sìmẹ́ǹtì á bẹ̀rẹ̀ sí í bó, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á ti rin gbingbin. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí ní Suffolk. Ògiri ẹfun máa ń jẹ́ kí omi tó bá wọlé rọra gbẹ jáde. Nígbà tó di ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, ọ̀pọ̀ bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì rọ́pò ẹfun torí ó yá, kò sì wọ́n. Omi gba inú ihò tí kò ju etí ìka lọ wọlé, kò rí ọ̀nà jáde, ó wá jókòó sí ara ìtí igi tó dùbúlẹ̀ sí ìdí ògiri, èyí tí gbogbo òpó dúró lé.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá dé ilé onígi, ẹ má tíì wo òkè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka kan ara ògiri láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ibi tó bá dún gbọ̀ngbọ̀n bí ohun tí inú rẹ̀ ṣófo, rẹ́rẹ́ ti kúrò lára igi níbẹ̀. Bí ìtí ìdí ògiri bá hàn sí ìta, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé kí ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ kékeré tẹ̀ ẹ́. Óàkù tó ṣì lágbára á kọ ọ̀bẹ. Èyí tó ti jẹrà á gbà á wọlé, á sì máa ya wẹ́wẹ́ jáde pẹ̀lú ìyẹ̀fun tí kòkòrò ti jẹ kù. Kò túmọ̀ sí pé kí ẹ sá o, káfíńtà tó mọ iṣẹ́ lè gé ibi tó bàjẹ́ kó sì lẹ óàkù tuntun mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò nínú iye tí ẹ máa san.

Olókùúta náà ń jìyà sìmẹ́ǹtì, àmọ́ ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ wo àárín òkúta sí òkúta. Bí ohun tí wọ́n fi dí i bá le, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, tó yọ síta ju òkúta lọ, sìmẹ́ǹtì ni. Omi tó yẹ kó gba ibẹ̀ jáde ń gba ojú òkúta jáde, yìnyín á wá máa ya ojú òkúta náà ní ìpele-ìpele. Nínú ilé, ògiri tó dojú kọ ìwọ̀-oòrùn ni kí ẹ lọ wò, torí láti ibẹ̀ ni òjò oníjì ti sábà ń wá. Ẹ sún kọ́bọ́ọ̀dù kúrò bí wọ́n bá gbà fún yín. Ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo ní í sọ ara rẹ̀.

Ohun tí mo rí nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ilé olókùúta lè fara da onílé ọ̀lẹ fún ogún ọdún. Ilé onígi kò lè fara dà á fún márùn-ún.

Òfin

Kò sí ọmọ onílẹ̀ ní Suffolk tó máa wá gba owó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ yín, àmọ́ òfin ilé onítàn wà níbẹ̀, kò sì ṣeé fi ọtí bẹ̀. Òfin ọdún 1947 ló fìdí ètò náà múlẹ̀, ti 1990 ló ń ṣiṣẹ́ lónìí. Ìpele mẹ́ta ló wà, Grade I, Grade II* àti Grade II, ìyẹn tó gbẹ̀yìn yìí ló sì kó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ. Fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1700 tí ara rẹ̀ kò tíì yí padà púpọ̀ ló wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé onítàn, nítorí náà Suffolk àti Dales kò yàtọ̀ níbí. Ẹ lè wá orúkọ ilé náà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Historic England, àjọ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ náà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé inú ilé wà lábẹ́ òfin náà bí ìta rẹ̀ ṣe wà, àti àwọn abà inú àgbàlá tí wọ́n ti kọ́ ṣáájú July 1948. Ẹni tó bá yọ fèrèsé tàbí wó ògiri láìgbàṣẹ ti dá ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn. Ó lè sanwó ìtanràn tí kò ní òdiwọ̀n, ó sì lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Èyí tó burú jù fún olùrà: bí onílé àná bá fi fèrèsé oníke síbẹ̀ láìgbàṣẹ, káńsù lè ní kí ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tún un ṣe, kò sì sí iye ọdún tó máa kọjá tí wọ́n á fi gbàgbé ọ̀ràn náà. Lọ́yà yín lè gbà yín nímọ̀ràn láti ra ìnṣọ́ránsì fún un. Ìnṣọ́ránsì kò sọ fèrèsé oníke di igi. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ fún gbogbo ohun tó bá tuntun lójú yín, níkọ̀ọ̀kan.

Ìdè mìíràn tún wà tó máa ń jẹ́ kí iye ilé àgbẹ̀ wálẹ̀ lọ́nà tó ń yani lẹ́nu: àdéhùn pé àgbẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ gbé ibẹ̀. Bí ẹ bá rí ilé tó pọ́ọ́kú ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Báńkì púpọ̀ kì í yá ènìyàn lówó lórí rẹ̀. Ẹ tún wo àwòrán ilẹ̀ bóyá ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gbogbo ènìyàn gba àgbàlá kọjá. Ẹ kò lè dí i pa.

Àwọn àdán náà ní òfin tiwọn, níbi méjèèjì. Bí wọ́n bá ń sùn sí òrùlé tàbí abà, ẹ kò lè fọwọ́ kan ibẹ̀ títí ẹni tó mọ̀ nípa wọn á fi yẹ̀ ẹ́ wò, láàárín May sí September ni wọ́n sì sábà ń ṣe àyẹ̀wò ọ̀hún. Ẹni tó bá rà ní October lè dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Ilẹ̀ abẹ́ ilé

Amọ̀ ni ilẹ̀ apá tó pọ̀ ní Suffolk. Nígbà ọ̀dá ó máa ń súnkì, nígbà òjò ó máa ń wú, ilé á sì máa rọra jó pẹ̀lú rẹ̀. Ilé onígi máa ń tẹ̀, kì í sábà là, ìdí nìyí tí ilẹ̀ yàrá òkè fi dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìyẹn kì í dẹ́rù bà mí. Ìlà tuntun tó là lórí rẹ́rẹ́ tuntun ló yẹ kí ẹ bi surveyor, ẹni tó ń bá olùrà yẹ ilé wò, léèrè.

Ní Dales, gáàsì radon ni kí ẹ béèrè. Ó ń jáde láti inú àpáta, kò ní òórùn, ẹ kò lè rí i, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n dáadáa. Bó bá kọjá 200 becquerel (òṣùwọ̀n ìtànṣán rẹ̀) nínú mítà onígun mẹ́ta kan, ó yẹ kí ẹ ṣe nǹkan sí i. Iṣẹ́ náà kì í gbowó púpọ̀, fáànù kékeré tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde lábẹ́ ilẹ̀ ilé sábà ń tó. Omi inú ilé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilé orí òkè ibẹ̀ ń mu omi ìsun tiwọn, ẹ máa nílò àsẹ́ àti àtùpà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ pa kòkòrò àrùn inú omi, ẹ sì ní kí wọ́n yẹ omi náà wò kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Ní ti ìgbọ̀nsẹ̀, ọ̀kan náà ni ibi méjèèjì: láti 1 January 2020, kò tọ́ kí omi septic tank máa ṣàn tààrà sínú odò tàbí kòtò omi. Kẹrosíìnì ni ọ̀pọ̀ fi ń mú ilé gbóná, torí gáàsì tó ń gba páìpù wá kì í sábà dé ibẹ̀.

Owó

Ẹ jẹ́ ká mú ilé £600,000. Láti April 2025, owó orí tí ẹ máa san fún ìjọba nígbà tí ẹ bá rà á ní England jẹ́ £20,000. Bí ẹ bá fi ilé London sílẹ̀ láìtà, ẹ ó fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé náà kún un, ìyẹn £30,000 mìíràn. Àtúnṣe ilé onítàn náà ń san VAT 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdẹ̀ra tó wà tẹ́lẹ̀ fún àyípadà tí wọ́n bá gbàṣẹ fún dópin ní October 2012. Bí ẹ kò bá ní í máa gbé Dales, tó jẹ́ pé òpin ọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan péré ni ẹ máa wá, káńsù North Yorkshire ti ń gba ìlọ́po méjì owó orí káńsù lórí ilé kejì láti April 2025.

Òrùlé koríko Suffolk lẹ́wà, ó ń gbówó. Orí òkè pátápátá rẹ̀ ni wọ́n ń tún ṣe ní bíi ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìnṣọ́ránsì rẹ̀ sì wọ́n ju ti alámọ̀ lọ nítorí iná.

Èwo ni mo máa mú

Ẹni tó gbọ́dọ̀ wọ ọ́fíìsì London lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kò ní ohun tó máa rò púpọ̀: ọkọ̀ ojú irin láti Stowmarket ní Suffolk dé ibùdókọ̀ Liverpool Street ní London kò ju bíi wákàtí kan àtààbọ̀ lọ. Kó mú Suffolk, kó yan èyí tó ní òrùlé amọ̀, kó sì fi owó tó jọjú pamọ́ fún ọdún méjì àkọ́kọ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé, tàbí tó ti fẹ̀yìn tì tó máa ń lo oṣù mélòó kan ní Ìbàdàn lọ́dọọdún, olókùúta ni kó bá lọ, kó máa sanwó fún ẹnì kan ládùúgbò tó máa bá a wo omi kó má baà di yìnyín nínú páìpù.

Kí ẹ tó wakọ̀ lọ síbikíbi, ẹ pe éjẹ́ńtì. Ẹ bi í ní Grade wo ni, ìgbà wo ni wọ́n tún òrùlé ṣe gbẹ̀yìn, ibo ni sókàwéè ń da omi sí, ṣé ìdè àgbẹ̀ wà lórí rẹ̀, àti pé ta ló gba àṣẹ fún ilé ìdáná tuntun yẹn. Bó bá ní òun máa béèrè lọ́wọ́ onílé, ẹ ní kó kọ èsì sínú ímeèlì, kí lọ́yà yín lè rí ohun mú dání. Lẹ́yìn náà, ẹ yan ọjọ́ tí òjò ń rọ̀ láti lọ wò ó, ẹ sì mú ọ̀bẹ kékeré náà dání.