Owó ìjọba fún àwa tí à ń dá tọ́mọ: ojú tí mo fi rí i ní Ìkéré

Máàkì mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni mo fún un. Owó tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni mò ń sọ: ₦25,000 lóṣù fún oṣù mẹ́ta, tí wọ́n ní ó máa kan ìdílé mílíọ̀nù 15. Mo gbà nínú ẹ̀, kì í ṣe pé mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

Bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ tẹ́ mi lọ́rùn. Àdúgbò fúnra rẹ̀ ni wọ́n ní kó dárúkọ àwọn tí ìyà ń jẹ jù: ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ọ̀dọ́ lọ́tọ̀. Ẹ ò lè purọ́ níwájú àwọn obìnrin àdúgbò yín. Ìyá kan tó ń ta epo bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ pé òun náà ò rí jẹ. Ìyá àgbà tó jókòó tì í kàn ń wo yẹtí góòlù tó fi sétí, ni gbogbo wa bá bú sẹ́rìn-ín.

Owó àkọ́kọ́, mo fi ra ẹ̀gẹ́ lóko lọ́nà Ìgbàrà Odò. Mo wú u, mo bó o, mo sanwó ẹ̀rọ, mo yan gàrí. Gàrí yẹn ló ra bàtà ilé ìwé. Àmọ́ oní POS kan ládùúgbò wa yọ ₦500 nínú owó náà, ó ní ṣebí ti ìjọba ni!

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni ọ̀rọ̀ ìdílé yìí. Iye kan náà ni ilé tí bàbá àti ìyá jọ ń ṣiṣẹ́ ń gbà, àti ilé tó jẹ́ pé èmi ni bàbá, èmi náà ni ìyá. Ọmọ kan o, ọmọ márùn-ún o, ₦25,000 ni. Ti àwa tá a padà sí agboolé bàbá wa tún wá burú jù. Bí wọ́n bá béèrè olórí ilé, orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkùnrin làwọn ará ilé máa ń pè. Bó ṣe ṣe ọ̀rẹ́ mi nìyẹn: àlẹ́ẹ̀tì wọ fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹnu aládùúgbò lòun ti gbọ́.

Ní oṣù kìn-ín-ní 2024, Ààrẹ Tinubu dá ètò náà dúró kí wọ́n lè wádìí rẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ di ti NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti ìjọba. Ilé ìwé ò sì ní torí ìwádìí sún ọjọ́ ìwọlé síwájú. Ìgbà tí tèmi tún fi máa wọlé, mo ti yá owó èsúsú fi ra ìwé, gbèsè ni mo fi san.

Bí ẹ bá bi mí, bí Fáyẹmí, gómìnà ìgbà náà, ṣe fagi lé lẹ́fì ilé ìwé ìjọba l'Ékìtì ní 2018 ṣe mí lóore ju èyí lọ. Kò béèrè NIN, kò béèrè olórí ilé, oní POS ò sì rí nǹkan yọ níbẹ̀. Ọmọ kàn wọ kíláàsì, ó jókòó, ó di pé wọn ò tún torí lẹ́fì lé e wálé mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé bàbá yín bíi tèmi, bí wọ́n bá tún wá kọ orúkọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín dáhùn. Ẹ sọ pé ìkòkò ọbẹ̀ yín dá dúró, kẹ́ ẹ sì fún wọn ní nọ́ńbà fóònù tiyín.