Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀kọ́ Fídíò Kristẹni Tí A Fi Ń Kọ́ Ọmọ Nílé

Ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì inú ẹ̀kọ́ fídíò yìí tó ohun tí òbí lè náwó lé lórí, ṣùgbọ́n ìtàn àti ẹ̀kọ́ nípa ìlú tí ó wà nínú rẹ̀ kò wúlò púpọ̀ fún ọmọ tí ó ń gbé ní Ìsánlú, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Iléeṣẹ́ Kristẹni kan ní Amẹ́ríkà ni ó ṣe é, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ìpolówó kọ́ ni mo ń ṣe. Ọmọ mi obìnrin ni ó ń lò ó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní pírámárì karùn-ún.

Bí olùkọ́ ṣe ń kọjú sí ọmọ ni ó kọ́kọ́ wù mí. Fídíò Abeka, tí ọ̀pọ̀ òbí tí ń kọ́ ọmọ nílé mọ̀, inú kíláàsì gidi ni wọ́n ti ń gbà á sílẹ̀ ní Pensacola, ní ìpínlẹ̀ Florida, tí ọmọ tí ó wà nílé yóò sì máa wo bí àwọn ọmọ mìíràn ṣe ń dáhùn. Nínú eléyìí, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan lójú fídíò. Olùkọ́ á béèrè ìbéèrè, á dákẹ́ díẹ̀, á sì máa wo iwájú bí ẹni tí ń retí èsì. Bí ó bá kí ọmọ mi káàárọ̀, ọmọ náà á ní "Òkun o, mà", bí a ti ń kíni níbí, á sì nawọ́ sókè kí ó tó dáhùn.

Ìdákẹ́ yẹn kò ṣèèṣì wáyé. Iléeṣẹ́ náà gbé fídíò kúkúrú kan jáde tí ó fi bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni pé kámẹ́rà ni ó ń gbẹ̀yìn. Olùkọ́ àti ẹni tí ó kọ ìwé náà á kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ lè ṣe nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí. Olùkọ́ á wá kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí yóò sọ sílẹ̀, ẹlòmíràn tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú á kà á, ẹlòmíràn á sì yẹ àwọn ẹsẹ Bíbélì inú rẹ̀ wò. Ní ọjọ́ ìgbàsílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á máa yí lọ sókè lórí gíláàsì tí ó wà níwájú kámẹ́rà, kí olùkọ́ lè kà á láìgbé ojú kúrò lára ọmọ. Nínú ẹ̀kọ́ ìdá, kámẹ́rà kejì ni wọ́n gbé kọ́ sókè tábìlì: ọwọ́ olùkọ́ nìkan ni a rí, bí ó ti ń ká bébà gígùn kan sí méjì, sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ, tí ó sì ń kun apá kan lára rẹ̀. Ọmọ mi ká tirẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìdá sì yé e ju bí mo ti ṣe àlàyé rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé fídíò tí wọ́n sì tò ó tán, ẹnì kan á tún jókòó tì í, ìwé lọ́wọ́, láti rí i pé ojú ìwé tí olùkọ́ dárúkọ ni ó bá ti inú ìwé mu. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì kí i. Bí ìwé bá ní ẹ̀dà tuntun, ojú ìwé á yí padà, wọ́n á sì ní láti tún fídíò gbà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ra ìwé tòkunbọ̀ kí ó rí i dájú pé ẹ̀dà rẹ̀ bá fídíò mu.

Ní ti ẹ̀sìn, kò jọ wá lójú ní ilẹ̀ Yàgbà, níbi tí ìjọ àti ilé ìwé ti jọ ń rìn láti ìgbà tí míṣọ́nnárì Tommy Titcombe ti dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ọdún 1908. Ẹ̀kọ́ nípa bí omi ṣe ń yípo láti òkun dé òfuurufú lo Oníwàásù 1:7, ó sì bá a mu gan-an. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì márùn-ún àti ẹja méjì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ ìsọdipúpọ̀ kò fi ohunkóhun kún ìṣirò náà, n kò sì rò pé ó fi kún ìgbàgbọ́.

Dọ́là, ínṣì àti máìlì ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò, bẹ́ẹ̀ sì ni mítà àti kílógíráàmù ni WAEC yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Èmi ni mo ń tún apá yẹn kọ́ ọ. Ìwé tí a tẹ̀ níbí ni mo fi ń kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ nípa ìlú àti èdè Yorùbá.

Ohun tí ó ń bí mi nínú jù ni pé orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni a ti lè wo ẹ̀kọ́ náà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró lọ́sàn-án, nítorí náà ìdájí ni a ń wò ó, dátà sì ń lọ bí ẹni ń da omi. Dọ́là ni a fi ń sanwó rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ iye náírà tí yóò jẹ́ ní ọdún tí ń bọ̀. Ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì nìkan ni a ó tún san owó fún. Mo ti kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí á máa gba ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ṣáájú. Wọn kò tíì fèsì.