Fáìlì inú kọ́bọ́ọ̀dù tàbí àkọsílẹ̀ àjọpín?

Ká ní obìnrin kan tó ń gba oògùn HIV ní Mùṣín kó lọ sí Èbúté Mẹ́ta. Fáìlì bébà rẹ̀ á wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ní Mùṣín. Dókítà tuntun á bi í pé, "Mà, oògùn wo lẹ ti lò rí?" Ta ló lè rántí gbogbo orúkọ wọ̀nyẹn? Èyí tí kò ran kòkòrò náà mọ́ ni wọ́n lè tún kọ fún un. Ire fáìlì bébà kò ju pé àṣírí kì í rìn jìnnà, bí NEPA bá sì mú iná lọ, ó ṣì ṣeé kà.

Àkọsílẹ̀ àjọpín, èyí tí àwọn ilé ìwòsàn jọ ń lò lórí kọ̀ǹpútà, lágbára jù ú lọ. Àyẹ̀wò tó ń fi hàn pé kòkòrò ti borí oògùn wọ́n gan-an. Àmọ́ bí a bá kó ìtàn ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn jọ, oògùn tí wọ́n lò àti iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ wọn ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀, kọ̀ǹpútà lè tọ́ka sí èyí tó ṣeé ṣe kó ṣiṣẹ́. Àkójọ agbègbè wa ni a nílò, torí ẹ̀yà kòkòrò HIV yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíì: ẹ̀yà CRF02_AG àti G ló pọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ̀yà B ló gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà. IeDEA, ẹgbẹ́ ìwádìí HIV tó kárí ayé, ti ń ṣe irú àkójọ yìí láti 2006, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì wà nínú rẹ̀.

Àjọpín ni mo fara mọ́, ṣùgbọ́n kí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù má kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2014 lòdì sí fífi HIV ya ènìyàn sọ́tọ̀. Síbẹ̀, bí àwọn alájọgbélé bá ti gbọ́, ilé ẹjọ́ kò lè gbà á padà lẹ́nu wọn.