Tí ìpínlẹ̀ kan bá dìbò ààrẹ, ṣé kí ẹnì kan kó gbogbo ìbò aṣojú ibẹ̀ ni, àbí kí wọ́n pín in?

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ní ìbò aṣojú (ìbò tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti fi yan ààrẹ) 270 nínú 538 ló ń di ààrẹ. Ìpínlẹ̀ 48 àti Washington D.C. ń kó gbogbo tiwọn fún ẹni tó bá gbégbá orókè, kódà kó jẹ́ ìbò kan ló fi jù. Florida lọ́dún 2000 ńkọ́? Ìbò 537 péré ni Bush fi ṣíwájú Gore, ó sì kó gbogbo 25 lọ. Bẹ́ẹ̀ Gore ni ìbò ará ìlú rẹ̀ pọ̀ jù káàkiri orílẹ̀-èdè o!

Maine àti Nebraska kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Méjì ni ti ẹni tó borí ní ìpínlẹ̀, ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan sì ní ẹyọ kan tirẹ̀. Kí ni ẹyọ kan fẹ́ ṣe? Ẹ ṣírò 2024 wò: 225 tí Harris ní láìka ẹyọ kan ti ẹkùn Omaha, ìlú kan ní Nebraska, ẹ fi 44 ti Pennsylvania, Michigan àti Wisconsin kún un: 269. Ó ku ẹyọ kan! Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Omaha fi ń ri pátákó funfun mọ́lẹ̀ níwájú ilé, àmì róbótó aláwọ̀ búlúù, àwọ̀ ẹgbẹ́ Harris, láàárín rẹ̀, láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni. Harris gba ẹyọ náà, àmọ́ Trump ló kó ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Pípín ló wù mí jù, àfi ti pé àwọn olóṣèlú fúnra wọn ló ń fa ààlà ẹkùn.